Mọ́ńdè Aago Mẹ́jọ: Ọ̀rọ̀ Ọmọ Àyàn Kan ní Yunifásítì

Orúkọ mọ́kànlá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara pátákó ẹ̀ka wa lọ́jọ́ náà, orúkọ àwọn tí kò ní jókòó fún ìdánwò sítátísíìkì. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ ni pé ẹni tí kò bá wá sí kíláàsì tó ìdá 75 nínú 100, kò ní ṣe ìdánwò. Mẹ́wàá nínú wọn ò yà mí lẹ́nu. Àwọn tí a kì í rí sójú ni. Ìkọkànlá ni Àyàn.

Àyàn kọ́ ni gbogbo orúkọ rẹ̀. Bí àwọn ọmọ kíláàsì ṣe gé e kúrú nìyẹn, èmi náà á sì fi í mọ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, kí n má baà gbé ọmọ ọlọ́mọ síta. Ìgbà yẹn, èmi ni level adviser àwọn ọmọ 200 level ní ẹ̀ka akáúntì, ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ náà ò ju kéèyàn fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì, kó yẹ èsì wò, kó sì ránṣẹ́ pe ẹni tí àmì rẹ̀ bá ń já wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé màá lọ jókòó ní agbo ilé onílù nítorí rẹ̀.

Mo ránṣẹ́ pè é, kò wá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Mọ́ńdè ni, ìdánwò cost accounting ti bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́jọ, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́sàn-án lù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ṣaworo lórí àtẹ̀gùn, bíi pé ẹṣin ọba ló ń bọ̀. Àyàn ló ń sáré gòkè, ìyáàlù lọ́rùn, báàgì lẹ́yìn, aṣọ ẹgbẹ́ tó fi lu ìlù lánàá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti rún wómúwómú. Gáréèjì ló ti ń bọ̀ tààrà. Ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n máa ń fún ẹni tó bá pẹ́. Òun ti fi 50 ṣòfò. Wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di àwọn ṣaworo náà mú kí wọ́n má baà dún mọ́.

Nígbà tí èsì jáde, mo ṣírò rẹ̀ fúnra mi. Ní 100 level, yúníìtì 44 ló gbà, póíǹtì 158 ló kó jọ, CGPA rẹ̀, ìyẹn póíǹtì tí a fi yúníìtì pín, jẹ́ 3.59. Ẹni tó bá ti wọ 3.50 lórí ìwọ̀n márùn-ún, second class upper ló wà yẹn, iṣẹ́ kò sì ní ṣòro fún un láti wá tó bá jáde. Ní sẹ̀mẹ́sítà kìíní 200 level, yúníìtì 22, póíǹtì 42 péré. Ìyẹn já sí 1.91. Àpapọ̀ rẹ̀ wá di póíǹtì 200 lórí yúníìtì 66, ìyẹn 3.03. F méjì ló wà níbẹ̀, yúníìtì mẹ́ta mẹ́ta: sítátísíìkì tí wọn ò jẹ́ kó ṣe, àti cost accounting tó bá lórí àtẹ̀gùn.

Lẹ́yìn èyí ló tó wá. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo mọ̀ pé ẹ ti ń wá mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ìdílé Àyàn ni wọ́n ní tòótọ́. Ìlù dùndún ni bàbá rẹ̀ jogún, òun náà ni bàbá bàbá rẹ̀ fi tọ́ ọmọ. Bàbá rẹ̀ ló ń lu ìyáàlù tẹ́lẹ̀, kí èjìká tó kọ̀ fún un. Ẹni tó bá ti gbé ìyáàlù kọ́ ọrùn láti àárọ̀ di ọ̀gànjọ́ fún ogójì ọdún á mọ ohun tí mò ń sọ: igi apá ni, awọ ewúrẹ́ ni, ọsán tó yí i ká pọ̀ bí irun, apá òsì ló sì máa ń fún ọsán náà mọ́ra ní gbogbo ìgbà kí ìlù tó lè gbé ohùn sókè, kó sì gbé e wálẹ̀ bí ẹnu èèyàn. Nígbà tí apá yẹn ò gbé mọ́, ìyáàlù bọ́ sí ọrùn ọmọ. Ọmọ ọdún 17 ni. Àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń pè ní Bàbá Kékeré, ló wá di olórí ẹgbẹ́, òun ló ń gba iṣẹ́, òun ló ń pín owó.

Ọmọ kan náà yìí, ládáànì ni. Ohùn rẹ̀ dára débi pé òun ni wọ́n fi sí ìpè ìrun Àsùbá ní mọ́sálásí ilé gbígbé àwọn ọmọkùnrin. Ilé kéwú ló ti kọ́kọ́ jókòó kó tó mọ ABD. Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ wa dáadáa ló máa rò pé ọ̀rọ̀ Àyàn àti ẹ̀sìn Mùsùlùmí ò lè gbé inú ilé kan. Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun níbi tí àwọn àgbà onílù ti pọ̀, ẹ gbọ́ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn tí ayé mọ̀ jù: Làmídì Àyánkúnlé. Méjèèjì wà lára ẹnì kan, wọn ò bá ara wọn jà.

Wàhálà òun àti àwọn ará mọ́sálásí ilé gbígbé bẹ̀rẹ̀ láti orí fídíò. Sọ́ńdè kan ní Èkó, ìdúpẹ́ àwọn ọmọ olókùú tí wọ́n sin bàbá wọn ní Sátidé, ẹgbẹ́ Bàbá Kékeré ló tẹ̀ lé wọn dé inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àyàn dúró níwájú pẹpẹ, ó ń ki ìyàwó òkú, obìnrin náà ń sunkún, ó ń ná an lówó lórí. Ẹnì kan gbé e sí orí WhatsApp. Kó tó di ìrun Mọ̀gàríbì lọ́jọ́ Túsìdé, gbogbo ilé gbígbé ti wò ó. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gba ìpè ìrun kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo lọ bá amíìrì wọn, olórí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí, sọ̀rọ̀. Ọmọ tó mọ ọ̀wọ̀ ni, ó ń kọ́ ìmọ̀ oògùn, kò sì pariwo. Ó ní hàdíìsì wà nínú àkójọ Bùkárì níbi tí Ànábì ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí yóò sọ àgbèrè, aṣọ ṣẹ́dà fún ọkùnrin, ọtí àti ohun èlò orin di ẹ̀tọ́. Ó ní, "Sà, a ò lè jẹ́ kí ọwọ́ tó lù ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá di etí mú láti pe ìrun lónìí." Mi ò ní èsì. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, ọmọ kọ́áyà ni mí láti kékeré, kò sí bí mo ṣe fẹ́ bá a jiyàn hàdíìsì.

Nítorí náà ni mo ṣe dá ìmọ̀ràn tí mo mọ̀. Mo ní kó gbé ìlù sílẹ̀ títí yóò fi jáde. Mo tún fi òwe sí i: ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Mo wá rántí Fẹlá Ṣówándé, ẹni tí mo fẹ́ràn látìgbà tí mo ti wà ní kọ́áyà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn rẹ̀ fún un: ọmọ àlùfáà ni, 1905 ni wọ́n bí i, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1934 láti kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, ó ń tẹ pianó jáàsì nílé fàájì alẹ́ kó lè rówó jẹun, síbẹ̀ ó gba oyè ńlá ti àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1943, nígbà tó sì di 1945, òun ló ń tẹ dùùrù ní Kingsway Hall fún àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá rọra béèrè pé, "Sà, ṣé ẹni yẹn padà ṣe ẹnjiníà náà?"

Mo ní rárá, orin ló kà.

"Ṣé ẹ ń sọ pé kí n fi akáúntì sílẹ̀ ni, sà?"

Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí. Ìtàn tí mo gbé kalẹ̀ ń ta ko ìmọ̀ràn tí mo dá. Ohun tó tún sọ lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò gbàgbé. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun tó ń ta gìtá máa ń sọ pé àwọn nífẹ̀ẹ́ orin. Òun ò mọ̀ bóyá òun nífẹ̀ẹ́ ìlù. Ó ní, "Orúkọ mi ni, sà. Wọn ò bi mí kí wọ́n tó fún mi." Bó ṣe ń sọ ọ́, ìka rẹ̀ ń lù lábẹ́ tábìlì mi, mi ò rò pé ó mọ̀.

Ó gbọ́ràn ṣá. Ó gbé ìyáàlù náà lọ sílé, ó gbé e kọ́ sára ògiri yàrá bàbá rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò bá wọn lọ sí òde kankan. Mo ti ń yin ara mi.

Tẹ́sìtì méjì tó ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, 11 ló gbà nínú 30 ní èkíní, 9 ní èkejì. Mo pè é, inú ń bí mi. Ó fa ìwé yọ, ó kọ ìṣirò rẹ̀ síwájú mi bí ọmọ akáúntì. Owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, owó oúnjẹ, owó yàrá, láti inú ìlù ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Tí wọ́n bá lọ òde Sátidé kan, tí wọ́n bá yọ owó ọkọ̀ àti owó àpò ẹgbẹ́ kúrò, ₦20,000 sí ₦35,000 ló máa ń kàn án. Nígbà tí ìlù lọ, ó wá iṣẹ́ sí ilé kọ̀ǹpútà kan lẹ́yìn géètì, ó ń bá wọn tẹ prójẹ́ẹ̀tì àwọn fáínálísì láti aago méje alẹ́ di ọ̀gànjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ₦1,500 lálẹ́ kan. Ẹ bá mi ṣe é: alẹ́ mẹ́fà, ₦9,000. Ohun tí ìlù ń fún un ní ọjọ́ kan, ó ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá a, kò sì rójú kàwé. Èmi olùkọ́ akáúntì ni mo dá ìmọ̀ràn yẹn fún un o.

Ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe látilẹ̀. Mo tẹ́ àtẹ àkókò kíláàsì sórí tábìlì, mo ní kó ṣí fóònù rẹ̀, kó ka gbogbo òde tí wọ́n lọ ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 13 ni a fi kọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló lọ òde. Kíláàsì sítátísíìkì 13, mẹ́fà ló wá, méje ló pa jẹ. Mo wá ń fi ìka tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òde kan wà tó jẹ́ Sátidé nìkan, ní Òṣogbo, ìyàwó ṣíṣe. Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó wà ní kíláàsì. Méje yòókù, òkú Sátidé tó ní ìdúpẹ́ Sọ́ńdè nínú, Èkó ni gbogbo wọn. Méje ó dọ́gba pẹ̀lú méje.

Gbogbo wa la ti ń pariwo ìlù, ìwé, ẹ̀sìn. Sátidé ò ṣe é ní nǹkan kan. Òru Sọ́ńdè ni gbogbo jàǹbá wà. Ìdúpẹ́ á parí ní aago méjì, wọ́n á lọ sí ibi ìnáwó, wọ́n á kúrò ní Èkó lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á mú wọn mọ́lẹ̀ láti Ìbàfò dé Mówè, aago kan tàbí méjì òru ni wọ́n máa wọlé, nígbà míì ó di àárọ̀. Aago mẹ́jọ Mọ́ńdè sì ni wọ́n fi kọ́ọ̀sì méjèèjì tó gba F sí: sítátísíìkì, Mọ́ńdè, ìdánwò cost accounting, Mọ́ńdè. Àwọn kọ́ọ̀sì Túsìdé sí Jímọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún; C ló pọ̀ níbẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún Bàbá Kékeré pé òun ò lọ òde Sọ́ńdè. Ó wò mí bíi pé mo ní kó gbá àgbà létí.

Ọjọ́ Tọ́sìdé ni mo lọ sí agbo ilé wọn. Mo bá Bàbá Kékeré lórí àpótí níwájú ilé, ó di gángan kan mú láàárín orúnkún, ó ń tún ọsán rẹ̀ fà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ẹ̀yìn ìka ta ojú awọ, ó ń gbọ́ ọ, ó tún ń fà. Kò dáwọ́ dúró nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé CGPA. Mo ṣàlàyé 3.59 tó di 3.03. Ó ń wò mí bí ewúrẹ́ ṣe ń wo ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i.

Ó ní, "Tíṣà, gúdúgúdú ò lè ki èèyàn. Kẹríkẹrì ò lè ki èèyàn. Ìyáàlù ló ń pe orúkọ. Tí wọn ò bá gbọ́ oríkì ìyá wọn, wọn ò ní náwó. Ta ni kí n gbé e kọ́ lọ́rùn?" Ó ní àwọn ọmọ ìwé ń wá láti ìlú òyìnbó wá kọ́ ohun tí ọmọ yìí mọ̀. Ó tún bi mí bóyá n ò gbọ́ nípa Tìmì Ẹdẹ, Adétóyèṣe Láoyè, ọba tó wà lórí ìtẹ́ láti 1946 di 1975, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó sì mọ ìlù lù ju àwọn ọmọ onílù lọ. "Ọba ni o. Adé ò ní kó má lù ú."

Mi ò rí nǹkan sọ. Ó dá mi lójú pé òótọ́ ló ń sọ. Akin Euba, onímọ̀ orin, gan-an, dùndún ni iṣẹ́ tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Legon, ní yunifásítì Gánà, ní 1974. Bẹ́ẹ̀, àwọn bíi Bàbá Kékeré ló ń jókòó kọ́ irú wọn.

Bàbá ọmọ náà ló gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ rárá. Láti ìgbà tí mo ti dé ló ti wà lórí ẹní, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún wọ́ èjìká òsì. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n gba ìpè ìrun lọ́wọ́ ọmọ òun nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní nígbà tí òun ń lù, àwọn máa ń dúró níta ṣọ́ọ̀ṣì ni, wọn kì í wọ ibi pẹpẹ. Ayé yìí ló sọ ọ́ di kí onílù máa jó wọnú. Ó ní kí wọ́n lọ pe àáfà.

Àáfà tó kọ́ gbogbo wọn ní kéwú nínú agbo ilé náà ló dé, arúgbó kan tí ẹ̀rín máa ń kọ́kọ́ wà lójú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó mẹ́nu ba hàdíìsì tí amíìrì sọ. Ó tún mẹ́nu ba ti ọjọ́ ọdún, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin méjì ń lu dọ́ọ̀fù, tí wọ́n ń kọrin nílé Ànábì lọ́dọ̀ Áíṣà, tí Abúbákárì fẹ́ bá wọn wí, tí Ànábì ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní ìjà àwọn onímọ̀ lórí orin ti pẹ́: Ibn Hazm ará Àndálúsíà ní kò sí ohun tó burú nínú ohun èlò orin, púpọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé ìlànà Ìmáàmù Málíkì bíi tiwa sì le koko lórí rẹ̀, al-Ghazālī wà láàárín, ó ní ó wà lọ́wọ́ ohun tó bá rọ̀ mọ́ ọn. Ó ní òun ò ní lè parí ohun tí wọn ò parí. "Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó ń pe ìrun má lọ lu ìlù níbi ìjọsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, kó má sì lù níbi tí wọ́n ti ń pín ọtí. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, oyè, kó máa lù ú."

Bàbá Kékeré gbé gángan sílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Àáfà." Kò jiyàn kankan.

Bó ṣe parí nìyẹn. Ohun tí CGPA mi ò lè ṣe ní wákàtí kan, Àáfà ṣe é ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí Sọ́ńdè mọ́, òru Sọ́ńdè sì bá a lọ. Màá jẹ́wọ́ pé gbólóhùn yẹn, "níbi ìjọsìn tí kì í ṣe tirẹ̀", ta mí lára díẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, inú wa máa ń dùn tí ìyáàlù bá tẹ̀ lé wa wọlé, a kì í bi onílù léèrè ẹ̀sìn rẹ̀. Mo pa ẹnu mi mọ́. Ìdájọ́ náà bá mi lára mu, mi ò fẹ́ kó yẹ̀. Ó tún wá dà bí ẹni pé ẹjọ́ tí amíìrì pè, tí mo ti ń kà sí wàhálà kẹta lórí ọmọ náà, òun gan-an ló gbà á lọ́wọ́ wàhálà kìíní.

A kọ ìyókù sínú ìwé ìkọ̀wé, bàbá rẹ̀ tẹ̀ka. Sátidé nìkan. Tó bá jẹ́ Èkó, yóò wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìrun Àsùbá Sọ́ńdè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, màá mú ọjọ́ ìdánwò wá kí Bàbá Kékeré tó gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Bàbá Kékeré tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, tó ń lu ìṣáájú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìyáàlù fún òde Sọ́ńdè. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà parí lọ́jọ́ náà.

Kò lọ geere o. Bàbá Kékeré ti gba àsansílẹ̀ òde méjì tó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò sẹ̀mẹ́sítà tó ń lọ lọ́wọ́, kò sì dá a padà. Àyàn lọ méjèèjì, ó hàn nínú èsì rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 yẹn ní tirẹ̀, òde Sọ́ńdè kẹta tó dá lọ, oríkì ìyàwó àkọ́kọ́ tó ti kú ló fi ki ìyàwó kejì lójú gbogbo ẹbí. Ẹnikẹ́ni ò ná wọn ní kọ́bọ̀. Mo wà lórí ibùsùn nígbà tí fóònù mi dún ní aago mọ́kànlá òru, Bàbá Kékeré ló ń pariwo: "Tíṣà, ẹ gbọ́ ohun tí ìwé yín fà!" Mo bẹ̀ ẹ́. Kí ni mo tún lè ṣe?

Ìpè ìrun ò padà sọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún yẹn. Amíìrì ní ohun tí Àáfà sọ, ti ilé wọn ni; kí Àyàn fi ìlù sílẹ̀ pátápátá tàbí kó jẹ́ kí ẹlòmíràn pè é. Ó ń kírun ní sàfù àkọ́kọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò bá wọn jà. Nígbà tí amíìrì mìíràn dé ní ọdún kejì tó ní kó padà wá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó wà níbẹ̀ máa bá a lọ, òun á máa bá a dì í mú tí ẹni náà bá rìnrìn-àjò. Mi ò bi í léèrè ìdí.

Ní 300 level, mi ò kì í ṣe adviser wọn mọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń kọ́ wọn ní kọ́ọ̀sì Mọ́ńdè aago mẹ́jọ. Ó máa ń jókòó sí ìlà kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọjọ́ kan ló sọ fún mi pé bí òun ṣe ń há ohun tó gùn sórí ni pé òun á wá ohùn ìlù sí i, òun á fi ìka lù ú sórí ìrọ̀rí kó má baà di ariwo fún àwọn ará yàrá. Mi ò gbà á gbọ́ títí mo fi rí i nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, biro wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka òsì ń lù lórí itan, ojú rẹ̀ dì. Ó lù ú tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Bí bàbá àti Bàbá Kékeré rẹ̀ ṣe ń pín owó ẹgbẹ́ ló fi ṣe prójẹ́ẹ̀tì ní 400 level: iye tó ń lọ sí àpò, iye tó kan ìyáàlù, ìdí tí ti gúdúgúdú fi yàtọ̀, ibi tí owó awọ tuntun ti ń jáde. Ìwé ìkọ̀wé mẹ́ta tí Bàbá Kékeré fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ló kó wá fún wa, òróró ọwọ́ ti wọ ojú ìwé. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin yẹn ń kọ nǹkan kan sílẹ̀. Kò sí òde tí kò sí níbẹ̀.

Jímọ̀ kan lẹ́yìn tí èsì ìkẹyìn jáde, ó wá sí ọ́fíìsì mi ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Òde wà ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ máa gbé wọn ní géètì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó sì fẹ́ kí n bá òun tọ́jú ìlù títí wọ́n á fi kírun tán. Mo bi í pé mélòó ni. Ó ní póíǹtì 627, yúníìtì 184. 3.41. Second class lower.

"Mo ṣe é lọ́nà kejì, sà." Ó fa ìwé yọ. Ilé-ẹ̀kọ́ wa máa ń ka F mọ́ ọn, wọ́n á tún ka àtúnṣe rẹ̀. Ó ti yọ F méjèèjì àti C méjì tó fi tún wọn ṣe, ó fi B méjì rọ́pò wọn: 633 lórí 178. 3.56.

Mo wo ìwé náà. Ó tọ̀nà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò, ó tọ̀nà síbẹ̀. Òun ti ń wọ bàtà rẹ̀ dáadáa láti máa lọ sí mọ́sálásí. Ó gbé ìyáàlù náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án o, sà," ó jáde. Gbogbo ìgbà tí fáànù bá yí ojú dé ibẹ̀, àwọn ṣaworo á ṣìn díẹ̀, wọ́n á tún dákẹ́.